Màmá Àìná Pọ̀ ní Òde-Omi

Òde-Omi,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, 2021.

Àìná ọmọ mi,

Mo kí ọ láti etí omi. O ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má máa kọ "dáadáa ni mo wà" bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà n óò sọ bó ṣe rí. Ilé Òkè-Agbo ti tóbi jù fún mi lẹ́yìn bàbá rẹ. Bí mo bá bu oúnjẹ, mo máa ń bu ti ẹni méjì kí n tó rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí Gabriel àbúrò mi ní kí n padà wá sí ilé wa níbí. Ariwo ọmọdé pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Mò ń bá wọn jà, ó sì ń ṣe mí láǹfààní.

Grace tí ẹ jọ lọ sí girama ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń tọ́jú mi. Òun nìkan ni nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú kékeré tí ìjọ wa dá sílẹ̀ níbí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ilaporu tí kò mọ omi ni, tí ẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi sì máa ń bà á, kò sá. Òun ló ń fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Òun náà ni yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ọ nígbà tó bá lọ kó oògùn ní Ìwọpin, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tibí ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ó ní, "Màmá Àìná, ẹ kúkú sọ̀rọ̀ sínú fóònù, kó yá." Mo ní rárá o. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ẹkún ni mo máa ń sun. Bí mo bá mú bírò, mo máa ń lè ronú.

Ó fi áàpù inú fóònù tí o ní kó máa lò hàn mí, níbi tó ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí. Ó ní ìwọ lo kọ ìwé tí òun kà tí òun fi mọ̀ ọ́n lò. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n Gabriel béèrè iye tí wọ́n ń san fún ọ, Grace sì ní wọn kì í san nǹkan kan. Ẹ̀rín pa Gabriel. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín rìn títí dé òkè òkun, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló lọ ń ṣe níbẹ̀! Ṣé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tán l'Óde-Omi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí. O ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó látàárọ̀, o tún délé, o tún jókòó ti iṣẹ́ tí kò lérè. Ìtàn lo kà ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ta ló rán ọ níṣẹ́ náà? Dá mi lóhùn dáadáa.

Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́, èyí tí o ti wọ ẹ̀wù òtútù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o rù.

Ìyá rẹ ni.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta, 2021.

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yín dé bá mi lẹ́nu iṣẹ́, inú ilé ìwẹ̀ ni mo sá wọ̀ lọ kà á. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ bó ṣe rí. Fọ́tò wà nísàlẹ̀. Mi ò rù, aṣọ ló tóbi.

Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó rán mi níṣẹ́. Dádì ni. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n gbé wọn kúrò ní ọsibítù àkọ́kọ́ lọ sí ìkejì, dókítà tó gbà wọ́n bi yín léèrè irú oògùn tí wọ́n ti ń lò, ẹ ò lè sọ, káàdì wọn ò sì tẹ̀lé wọn. Mo wà níbí, mò ń gbọ́ ohùn yín lórí fóònù bí ẹ ṣe ń ṣàpèjúwe àwọ̀ oògùn náà fún un: pupa, rébété, ó fẹ́ jọ ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, èyí tí mo fi ojú fóònù wò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Bí mo ṣe rí áàpù náà nìyẹn. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ń tà á. Àwọn ènìyàn tó wà káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì lò ó láìsan kọ́bọ̀. Mo ní kí Grace lò ó. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: "Àìná, kí ni kí n tẹ̀ báyìí? Àìná, ó ti di funfun, ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?" Nígbà tí mo wo ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀, àwọn tó ṣe é ló kọ ọ́, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó ti dé ibẹ̀ rí.

Òótọ́ ni, mi ò lè kọ èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Ṣùgbọ́n mo lè jókòó, kí n fi ọwọ́ ara mi dán gbogbo rẹ̀ wò, kí n bi Grace léèrè ibi tó ti kọsẹ̀, kí n sì kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí á fi dé ibẹ̀. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí n tún ibìkan ṣe, mo tún un ṣe, wọ́n sì gbà á.

Ẹ bá mi sọ fún Àńkù Gabriel pé ọ̀wẹ̀ ni. Nígbà tí ìjọ ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun l'Ókè-Agbo, ẹ̀yin obìnrin ò gun òrùlé. Omi lẹ pọn, oúnjẹ lẹ sè. Ta ló jẹ́ sọ pé ẹ ò sí lára àwọn tó kọ́ ọ?

Ẹ má gbàgbé oògùn yín, mà. Mo fẹ́ràn yín púpọ̀.

Ọmọ yín,
Àìná.


Òde-Omi,
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, 2021.

Àìná,

Gabriel ló ń mú lẹ́tà yìí lọ sí Ìwọpin. Mi ò fi rán Grace. Èmi àti Grace ò sọ̀rọ̀.

Mo ṣubú ní èbúté lọ́sẹ̀ tó kọjá. Má fò sókè, mo ti dìde. Mo gba oògùn ní ilé ìtọ́jú, mo lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó jẹun, mo sì lọ ra ẹja. Bí mo ṣe ń nájà ni òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ilẹ̀ sì ń yí. N ò mọ ìgbà tí mo dé ilẹ̀. Obìnrin kan tó ń yan ẹja níbẹ̀, Nimotalahi lorúkọ rẹ̀, ló kígbe pé, "Ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀! Bó ṣe máa ń ṣe èmi náà nìyẹn!" Ó po ṣúgà mọ́ omi, ó dà á sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ojú mi fi wálẹ̀. Nígbà tó rí páálí oògùn tó já bọ́ lára ìró mi, ó ní, "Háà! Oògùn mi rèé!"

Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni. Tirẹ̀ ni wọ́n fún mi, tèmi sì wà nílé rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kò tíì lò ó. Orúkọ tó wà lára páálí méjèèjì ni Màmá Àìná, torí pé àkọ́bí tirẹ̀ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé bíi tìrẹ.

Mo gbéra, mo lọ bá Grace. Ó ń sunkún, ó ní, "Màmá Àìná ni mo pè, mà, ẹ sì dáhùn." Mo ní ta ló ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ó ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà náà fún mi. Mo kà á fúnra mi: "Kọ orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí." Ìwé rẹ ni, Àìná. Mo mọ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mi ò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ní í gba oògùn níbẹ̀ mọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n tún kọ mí sínú fóònù kankan. Bàbá rẹ lọ nítorí pé wọn ò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nítorí pé wọ́n kọ ọ́. Jẹ́ kí n sinmi.

Mo gba fọ́tò rẹ. O rù.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, 2021.

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀ọ́. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí.

Èmi ni mo kọ gbólóhùn náà. Ohun tó wà nínú ìwé ti tẹ́lẹ̀ ni pé kí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Grace ní ọ̀pọ̀ àgbà níbẹ̀ ni kò ní ìwé ẹ̀rí, àti pé òun ò lè la ẹnu òun kí òun bi ìyá tó tó bí òun lọ́mọ léèrè pé kí lorúkọ wọn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Èmi náà ò bi ìyá ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá yí i padà kó lè rọrùn fún un. Mi ò ronú débi pé ẹni méjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, kí wọ́n sì jọ dáhùn orúkọ ọmọ.

Ẹ bínú sí mi, mà, mo gbà. Ẹ má bínú sí Grace, ẹ má sì fi ìbínú fi oògùn sílẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ ti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí Àńkù Gabriel bá yín rà á ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ ìbínú.

Ẹ fèsì, bó ṣe gbólóhùn kan.

Àìná yín.


Leeds,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà, 2021.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Oṣù kan ti kọjá. Mo pe Àńkù Gabriel, wọ́n ní ẹ wà, ẹ ń jẹun, ẹ ò kàn fẹ́ kọ̀wé. Mo bi wọ́n nípa oògùn, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè ki oògùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu." Grace ní bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa ń gba ẹ̀yìn ilé àwọn apẹja kọjá kí ẹ má bàa gba iwájú òun. Ó ti kó fóònù náà sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun á padà sí bébà, bí bébà bá sì sọnù, kó sọnù.

Mo kọ̀wé sí àwọn tí a jọ ń ṣe áàpù náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ẹ̀bi tèmi pamọ́. Obìnrin ará Jámánì kan bi mí pé kí ló ṣòro nínú kí nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ. Mo ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í pe orúkọ àgbà, pé bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ló ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò yé e. Ọkùnrin ará Tansaníà kan ló wá dá sí i. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi ò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n ní kí n kọ ojú ìwé kan lórí bí a ṣe ń béèrè orúkọ, kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lò ó lè kà á.

Mo ti jókòó tì í fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, mà. Bí ẹni tó kéré sí yín bá fẹ́ mọ orúkọ yín, báwo ni yóò ṣe béèrè tí kò fi ní dùn yín?

Àìná.


Òde-Omi,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, 2021.

Àìná mi,

Mo ti ń kọ̀wé sí ọ, mo ń fà á ya. Gabriel ní òun ti di akọ̀wé láàárín èmi àti ìwọ, kí n kọ̀wé kí òun lè sinmi.

Nimotalahi ń wá sọ́dọ̀ mi. Ó gbé òjòjò tó fi ewùrà dín wá lánàá, ó ní, "Màmá Àìná, ẹ kú ilé." Mo ní, "Màmá Àìná, ẹ káàbọ̀." A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Òun náà, opó ni. Mi ò bá tí mọ̀ ọ́n bí n kò bá ṣubú.

Mo ka ìbéèrè rẹ sí i létí. Ohun tí a fẹnu kò sí rèé. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kí ènìyàn tán. Kí ó sọ ìdí kí ó tó béèrè, kí ó ní, "Mà, àwọn Màmá Àìná pọ̀ níbí, mi ò sì fẹ́ kí oògùn ẹlòmíràn bọ́ sọ́wọ́ yín." Kí ó wá ní, "Kí ni àwọn òbí yín sọ yín lọ́jọ́ ìkómọ?" Bó bá ti mú òbí mi wọ̀ ọ́, inú mi á yọ́. Bó bá sì fẹ́ pè é síta, kí ó fi Màmá síwájú rẹ̀, kó má pè é gbọnrangandan bí ẹni ń pe ọmọ iléèwé. Nimotalahi ní kí n fi kún un pé kí wọ́n má yọ Màmá Àìná kúrò o, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí òun ò rọbí lásán.

O béèrè nípa oògùn. Mi ò lò ó. Orí máa ń fọ́ mi láàárọ̀, Gabriel ò mọ̀. Kì í ṣe ìbínú mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti fi oògùn sẹ́nu. Má fi ipá mú mi.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà, 2021.

Ìyá mi,

Wọ́n gbà á. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ ọ́, mi ò fi nǹkan kan bo ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ Nimotalahi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìsàlẹ̀, mo fi kún un pé kí nọ́ọ̀sì ka orúkọ náà padà fún aláìsàn, kí ó sì sọ ohun tí oògùn wà fún kí ó tó fi lé e lọ́wọ́, kí ẹni tó ni ín lè sọ pé, "Rárá o, tèmi kọ́." Mo ronú nípa yín nígbà tí mò ń kọ ìyẹn. Ará Tansaníà yẹn ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tiwọn.

Àwọn tó bá ṣèrànwọ́, orúkọ wọn máa ń wà ní ìparí ìwé. Wọ́n ní kí n fi tìyá mi sí i. Mi ò fi sí i. Mo ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Ṣé kí n fi sí i, mà?

Mi ò fi ipá mú yín. Ṣùgbọ́n mo ti sin òbí kan lójú fóònù. Ẹ jẹ́ kí Grace ka ojú ìwé náà fún yín lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ dìde kí ẹ máa lọ, mi ò ní sọ nǹkan kan.

Àìná yín.


Òde-Omi,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 2021.

Àìná ọmọ mi,

Grace ló fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, nítorí náà o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Síbẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́.

Nimotalahi ló fà mí lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ó ní bí n kò bá lọ, òun ò ní lọ, kí àwa méjèèjì jọ kú kí ẹja òun bàjẹ́. Grace ti gbé fóònù jáde. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀. Mo ní dìde, ilẹ̀ tutù. Ó kà á bí o ṣe kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi òbí mi, mo sọ fún un. Nimotalahi náà sọ tirẹ̀. Ó kà á padà fún wa, ó ní kí á jókòó, òun ń lọ mú oògùn.

Bẹ́ǹṣì kún. A ń sọ̀rọ̀ ẹja. Grace yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá Abigail Àbẹ̀bí Adéfọlá!"

Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nimotalahi fi ìgúnpá gún mi: "Ẹ̀yin kọ́ ni?"

Àìná, bàbá rẹ nìkan ló ń pè mí ní Àbẹ̀bí. Kì í pè é lójú yín. Bí ilé bá dákẹ́, tó bá ń wá mi láti yàrá dé yàrá, ìgbà náà ló máa ń pè é. Mo ti rò pé ó bá a wọlẹ̀ ni. Ọkàn mi rò pé kò sẹ́ni tí yóò tún pè é láyé yìí kí n dáhùn.

Mo dìde, mo ní, "Èmi rèé."

Grace ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mà. Ṣé tiyín ni?" Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní tèmi ni. Mo bu omi, mo gbé e mì lójú gbogbo wọn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ṣe ọ̀wẹ̀ náà, àti òyìnbó tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Fi orúkọ náà sí i. Kọ gbogbo rẹ̀, má yọ Àbẹ̀bí.

Ìyá rẹ,
Abigail Àbẹ̀bí Adéfọlá.